Rìsífà Tó Ń Bá Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Fa Ọ̀rọ̀ Owó: Ṣé Kí Ẹgbẹ́ Wa Lọ Mú Un?

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo ti lé ní ọdún mẹ́wàá ní Pittsburgh níbí, ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nílé, Shooting Stars ni bàbá mi ń tẹ̀ lé, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ni mo sì mọ̀ kí n tó kúrò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ti wọ̀ mí lára báyìí débi pé bí Steelers, ẹgbẹ́ Pittsburgh, bá ń gbá lọ́jọ́ Àìkú, ìyàwó mi mọ̀ pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pè mí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, kò tíì rí yanjú. Ní ìgbà ooru 2024, gbogbo ìlú ló gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ ra Brandon Aiyuk lọ́wọ́ San Francisco 49ers, nígbà tí òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ owó lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n lọ mú un kíá, torí rìsífà, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí, tó mọ bọ́ọ̀lù hán bíi tirẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá, pé ẹni tó bá àwọn tó tọ́ ọ dàgbà jà, àwa náà ni yóò kàn. Ó tún sọ ohun kan tó mú mi dákẹ́: ó ní bàbá òun kọ́ òun pé ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé, kó ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Bàbá tèmi náà kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, lọ́dọọdún ni àríyànjiyàn wa sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

Ọmọ Ìbàdàn ní Pittsburgh

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ tó ń fún ọ láyè lọ́jọ́ Àìkú, mo sì kí ọ̀rẹ́ rẹ. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti owó ọ̀yà rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀.

Kí n sọ tèmi ní ṣókí ná. Bí ẹgbẹ́ kan bá nílò rìsífà, tí èyí tó mọṣẹ́ dunjú bá wà lọ́jà, kí wọ́n lọ bá a, bó tilẹ̀ ń jà lórí owó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó na ọwọ́ sí àpò, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìwé àdéhùn tó ń jà lé lórí, kí wọ́n wo bí tádàwà orí rẹ̀ ti pẹ́ tó.

Nígbà tí bàbá mi ń kọ́lé, bíríkìlà méjì ló bá a fa ọ̀rọ̀ owó. Èkíní ti gba iṣẹ́ náà láti ọdún méjì sẹ́yìn. Owó tán lọ́wọ́ bàbá mi, iṣẹ́ dúró, nígbà tí a sì máa tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Ọkùnrin náà ní kí á fi kún owó òun. Bàbá mi fi kún un, òun náà ló sì bá wa kọ́ ọ débi òrùlé. Èkejì gba àsansílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó dé lọ́jọ́ Ajé, ó ní owó náà kò tó. Bàbá mi ní kó máa mú àsansílẹ̀ náà lọ, pé kó má padà wá mọ́. Ọmọdé ni mí nígbà náà, lójú mi, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì béèrè.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn bàbá yín kọ́ yín dára, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ìwé tí àwọn àgbà wa ní lọ́kàn, ìwé tó de ẹni méjèèjì ni. Ti NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí o mọ̀ láti kékeré, bí Chelsea bá gba ẹnì kan fún ọdún mẹ́rin, tó sì já wọn kulẹ̀, owó rẹ̀ yóò máa lọ títí ọdún mẹ́rin yóò fi pé, àfi bí wọ́n bá jọ jókòó parí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ lè ní kí agbábọ́ọ̀lù máa lọ lọ́la, kí ọdún tó wà nínú ìwé má tíì dé ìdajì. Èyí tí wọ́n bá kọ pé ó dájú nìkan ni yóò mú lọ sílé. Ìyókù, orí ìwé ló mọ. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ pé ẹnì kan gba 120 mílíọ̀nù dọ́là, béèrè iye tó dájú níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń lé àwọn tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé, kò sì sí ẹni tó ń pè wọ́n ní aládàkàdekè. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòjì. Bí ẹni tó wà lóòrùn bá ní kí wọ́n tún ìwé náà kọ, n kò rí i bí ẹni tó da ilẹ̀.

Wo ti Aiyuk. Òun kọ́ ló yan San Francisco. San Francisco ló yàn án, ní ipò 25 nínú dráfùtì 2020, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì láàárín ara wọn. Iye tí ẹni tó bá bọ́ sí ipò yẹn máa gbà ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Ọdún mẹ́rin ni, ẹgbẹ́ sì lè fi ọdún karùn-ún kún un bó bá wù wọ́n. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, òfin kò gbà kí wọ́n tún ìwé náà kọ rárá, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà ti di ìràwọ̀. Ní 2023, ó hán bọ́ọ̀lù 75, ó sì fi wọ́n gba 1,342 yáàdì. Owó ọdún karùn-ún tó kàn án ní 2024 lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Detroit ti fún rìsífà tirẹ̀, Amon-Ra St. Brown, ní 120 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Ìyẹn jẹ́ 30 mílíọ̀nù lọ́dún. Ta ni yóò rí èyí tí kò ní sọ̀rọ̀?

Ó dájú pé o rántí bó ṣe ṣe é. Kò jókòó sílé. Ó wá sí ibùdó ìgbáradì, ó wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó dé fìlà, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sáré. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bá àwọn onílé iṣẹ́ ṣe ní 2020 ló fà á. Owó ìtanràn ẹni tó bá jókòó sílé jẹ́ 40,000 dọ́là lójúmọ́ fún ẹni tó ṣì wà lórí ìwé àkọ́kọ́, 50,000 fún àwọn tó ti kọjá ibẹ̀, ẹgbẹ́ kò sì láṣẹ láti fi ti àwọn àgbà yẹn jì wọ́n. Ni wọ́n bá dá ìyanṣẹ́lódì tuntun sílẹ̀: kí èèyàn wá síbi iṣẹ́, kó má fọwọ́ kan iṣẹ́.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ, San Francisco fún un ní 120 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, 76 mílíọ̀nù ló dájú níbẹ̀. Kò pé oṣù méjì, ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, níbi tí wọ́n ti ń bá Kansas City gbá, iṣan orúnkún rẹ̀ já. Bọ́ọ̀lù 25 péré ló hán ní sáà yẹn, kò sì gbá ìdíje kan ní sáà 2025.

Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ yóò pariwo tó bá ka ibí yìí. Ó jàre láti dúpẹ́ pé kì í ṣe Pittsburgh ló ra orúnkún yẹn. Ṣùgbọ́n bá mi wo orúnkún kan náà láti apá kejì. Ká ní Aiyuk ti panu mọ́, tó lọ gbá bọ́ọ̀lù lórí mílíọ̀nù 14 yẹn, ì bá ti wà nílé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, orúnkún rẹ̀ a ti já, kò sì ní sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń bẹ̀rù gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí i. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ rántí èyí kí wọ́n tó pe ọkùnrin kan ní olójúkòkòrò.

Wàyí o, ká dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ pé ẹni tó bá tọ̀hún jà yóò bá tiwa náà jà. Kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí o ń gbé yẹn ni mo ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ní oṣù Kẹjọ 2005, rìsífà méjì ló ń bá ẹgbẹ́ wọn fa ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Terrell Owens wà ní Philadelphia, Hines Ward wà lọ́dọ̀ yín ní Pittsburgh. Bí a bá ní ká wo ọgbọ́n ọwọ́ àti agbára nìkan, Owens ló ga jù. Ní oṣù Kejìlá 2004, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, dókítà fi irin dè é, gbogbo èèyàn sì rò pé sáà rẹ̀ ti parí. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ó jáde sí pápá àṣekágbá ní Jacksonville, ó hán bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án fún 122 yáàdì. New England ló borí, 24 sí 21, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé Owens kò sa ipá rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí wọ́n tún ìwé òun kọ. Ọdún méje ni ìwé náà, nǹkan bí 49 mílíọ̀nù dọ́là, ọdún 2004 ló sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọdún kan péré! Philadelphia kọ̀. Ló bá yíjú sí Donovan McNabb, kọ́tábáàkì tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó sọ ní gbangba pé òun kọ́ ló rẹ̀ ní àṣekágbá. Wọ́n lé e kúrò ní ibùdó fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn oníròyìn gba ilé rẹ̀ lọ ní Moorestown, New Jersey. Ó jáde sí iwájú ilé láìwẹ̀wù, ó dùbúlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré ìmárale: ó ń dìde, ó ń padà sílẹ̀, kámẹ́rà yí i ká, ó sì ń dá wọn lóhùn. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n dá a dúró. Ìdíje méje ló gbá lọ́dún yẹn. Philadelphia tó borí nínú ìdíje 13 ní sáà 2004, mẹ́fà péré ló borí nínú 16 ní 2005.

Ward ńkọ́? Ìwé tirẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ parí, ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ ló kù. Wọ́n ti yàn án sínú àwọn tó dára jù ní líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀ léra, láti 2001 dé 2004. Ó jókòó sílé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ìlú ń kùn. Lẹ́yìn náà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ láìtíì rí ìwé gbà, ó ń gbára dì pẹ̀lú àwọn yòókù, aṣojú rẹ̀ sì ń bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ lọ. Owó ló bá wọn fà, kò fa ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i wọ inú ẹ̀. Kí wọ́n tó gbá ìdíje àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án, ìwé tuntun ti jáde. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì 2006, ní àṣekágbá tó wáyé ní Detroit, Antwaan Randle El ti Pittsburgh gba bọ́ọ̀lù bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, ó sì jù ú sí Ward níwájú lọ́hùn-ún. Ward hán an, ó gbé e wọlé, yáàdì 43. Pittsburgh fi 21 sí 10 borí Seattle. Ward ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ.

Ṣé o wá rí ohun tí mo ń sọ nípa tádàwà? Ẹni tó ti jẹ ìwé rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, tó ní kí á bu òmíràn fún òun, kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ẹni tí tàná kò tíì gbẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹnu sì tún wà níbẹ̀. Nínú eré yìí, bọ́ọ̀lù máa ń kúrò lọ́wọ́ kọ́tábáàkì kí rìsífà tó yíjú padà. Ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni ló ń jù ú sí, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹnì kejì òun yóò débẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti ń wo ara wọn kọ̀rọ̀, mílíọ̀nù kankan kò lè tún un ṣe. Kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ra rìsífà olówó gọbọi máa béèrè ohun tó ń sọ nípa ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i, ju ohun tó ń sọ nípa àwọn ọ̀gá lọ. Ìjà òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀gá máa ń parí bí owó bá dé.

O mọ ti Antonio Brown, rìsífà yín tẹ́lẹ̀, jù mí lọ. Ìwé 2017 ni wọ́n fún un ní Pittsburgh, ó ku ọdún mẹ́ta, òun àti Ben Roethlisberger, kọ́tábáàkì yín, kò sì rẹ́ mọ́, nígbà tí Raiders wá rà á ní oṣù Kẹta 2019. Wọ́n tún fún un ní ìwé tuntun tí owó tó dájú nínú rẹ̀ lé ní 30 mílíọ̀nù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bó nínú yàrá òtútù, ó bá líìgì jà lórí akoto àtijọ́ tó fẹ́ máa dé, ó bá ọ̀gá ẹgbẹ́ jà. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ní kó máa lọ, kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn. Síbẹ̀, Brown yìí kan náà ni ẹni tó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ ní 2012, tí Mike Wallace, rìsífà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sì jókòó sílé nítorí owó. Brown ni Pittsburgh gbé owó náà fún. Èyí ni mo fi ń bẹ ọ̀rẹ́ rẹ pé kó má fi ìjà kan ṣoṣo ka ìwà èèyàn parí.

Àwọn tó bẹ̀rù ìjà owó ju bó ṣe yẹ lọ náà ti jìyà rẹ̀. Ní 2022, Brown mìíràn, rìsífà A.J. Brown, ti lo ọdún mẹ́ta ní Tennessee, ó ku ọdún kan lórí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, owó tó fẹ́ kò sì dùn mọ́ wọn. Ní alẹ́ dráfùtì, wọ́n tà á fún Philadelphia, wọ́n gba ipò 18 àti ipò 101 dípò rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan náà, Philadelphia fún un ní 100 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé: Philadelphia 35, Tennessee 10, Brown gba 119 yáàdì, ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Tennessee lé Jon Robinson, ọ̀gá tó tà á. Ní oṣù Kejì 2025, Brown di ọ̀kan nínú àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ.

Ohun tó jẹ́ kí Philadelphia lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé Jalen Hurts, kọ́tábáàkì wọn, ṣì wà lórí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ sì ni òun àti Brown kí Brown tó dé. Ibí yìí ni n kò ti ní gbè sẹ́yìn rẹ pátápátá, àbúrò mi. Gbèdéke wà lórí owó tí ẹgbẹ́ lè ná. Ní 2024, 255.4 mílíọ̀nù dọ́là ni, èèyàn 53 ló sì ń jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá fún rìsífà kan ní 30 mílíọ̀nù ti gbé ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́sàn-án fún ẹnì kan ṣoṣo. Kansas City rò ó lọ́dún 2022, wọ́n ta rìsífà wọn, Tyreek Hill, fún Miami, wọ́n gba ipò dráfùtì márùn-ún, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ní sáà méjì tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ àwọn ní Patrick Mahomes ní kọ́tábáàkì. Kọ́tábáàkì tí Pittsburgh ní ní 2024 ni Russell Wilson àti Justin Fields, tí ìwé àwọn méjèèjì yóò parí lẹ́yìn sáà kan náà, tí àwọn méjèèjì sì kúrò ní oṣù Kẹta 2025. Ta ni ì bá ti máa ju bọ́ọ̀lù sí Aiyuk? Ọbẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó máa ro ọkà.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi rèé. Lórí pé kí Pittsburgh lọ bá Aiyuk sọ̀rọ̀, ìwọ lo jàre: ìwé rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán, ohun tó béèrè kò ju iye ọjà lọ, ìjà rẹ̀ sì dojú kọ àwọn ọ̀gá. Lórí pé kí wọ́n mú un kíá, ní iyekíye, ọ̀rẹ́ rẹ ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìdí tó sọ ló mú un jàre. Nígbà tí Pittsburgh ra rìsífà DK Metcalf lọ́wọ́ Seattle ní oṣù Kẹta 2025, tí wọ́n sì fún un ní 132 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, òun náà ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ, ọdún kan ló sì kù lórí ìwé rẹ̀.

Bí ìgbà ooru mìíràn bá dé, tí orúkọ rìsífà tuntun bá ń jà ràn-ìn, ẹ̀yin méjèèjì ẹ kọ́kọ́ wá ọdún tó tọwọ́ bọ̀wé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.